Ìlà Tí A Kò Kọ Ìdí Rẹ̀

Wọ́n bá òkú ọkùnrin náà lórí àga níwájú ilé rẹ̀. Ó wọ bàtà. Ó gbé báàgì aṣọ kékeré kan lé itan, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì wà lórí báàgì náà bíi ti ẹni tó ń retí ọkọ̀. Ó ti ti ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ ilé wà nínú àpò rẹ̀.

Káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Aago méjì ọ̀sán ló pe áńbúláǹsì, ó ní àyà ń dun òun. Wọ́n ní ọkọ̀ ń bọ̀. Ọkọ̀ jáde lóòótọ́, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ afárá ló forí lé. Òkè afárá ni bàbá ń gbé. Òpópónà méjì ló ń jẹ́ Òpópónà Odò nínú ìlú náà, àwọn méjèèjì ló sì ní ilé kẹrìnlá. Awakọ̀ kan ilẹ̀kùn ilé kẹrìnlá tí kò sí aláìsàn nínú rẹ̀, wọ́n bú u, ó ṣẹ́rí padà. Nígbà tí ọmọ bàbá náà obìnrin fi máa ti ibi iṣẹ́ dé, ara bàbá rẹ̀ ti tutù.

Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún áńbúláǹsì yẹ kóòdù wọn, ìyẹn àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, wò. Ìlà kan ti wà níbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Bí ẹni tó pè bá ti dárúkọ Òpópónà Odò, ìlà yẹn á dá ìpè náà dúró, á ní kí wọ́n béèrè bóyá òkè afárá ni tàbí ìsàlẹ̀. Ní aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú méjìlá, láàárọ̀ ọjọ́ tí bàbá náà kú, ẹnì kan ti yọ ọ́ kúrò. Orúkọ tó jáde nínú àkọsílẹ̀ ni ti ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Kékeré, ẹni ọdún mẹ́tàlélógún. Ọlọ́pàá mú un.

Ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n ti mú un, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà fún Ìyá Ìbéèrè. Obìnrin ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ náà kò ga, kì í pariwo, gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ sì ti jẹ lápá kan. Ẹni tó bá rò pé òun lè fọ̀rọ̀ yí i lórí a máa kábàámọ̀. Ọ̀gá ọlọ́pàá sọ fún un pé tó bá di ọ̀sán, àwọn máa gbé Kékeré lọ sílé ẹjọ́ fún ìpànìyàn nítorí àìkíyèsára.

Ó kọ́kọ́ lọ kí ọmọ olóògbé. Ọmọ náà na fọ́tò bàbá rẹ̀ sí i.

"Mi ò ní kí ẹ bá mi na ẹnikẹ́ni," ó wí. "Ìdí ẹ̀ ni mo fẹ́ mọ̀. Bàbá mi pè wọ́n, wọ́n dáhùn, wọ́n ní ọkọ̀ ń bọ̀. Kí ló dé tí ò dé?"

Ìyá Ìbéèrè dìde. Ó fi fọ́tò sínú àpò.

Tábìlì mẹ́jọ ló wà nínú yàrá iṣẹ́ náà. Mẹ́fà ti ṣófo. Àmì ìdí ife tíì ṣì wà lórí àwọn tó ṣófo yẹn, ẹnì kan sì gbàgbé súwẹ́tà sẹ́yìn àga.

"Ènìyàn mẹ́jọ ló ń kọ kóòdù níbí tẹ́lẹ̀, Madam," ni Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ wí. "Ní báyìí, AI ló ń kọ ọ́. Akọ̀wé la sọ ọ́. Ẹ kàn máa sọ ohun tí ẹ fẹ́ fún un ni, á kọ ọ́, á tún èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀ ṣe, á bi yín bó bá rú u lójú. Iṣẹ́ ènìyàn ò ju pé kó yẹ̀ ẹ́ wò kó sì fọwọ́ sí i."

"Ta ló ń yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Kékeré, àti Bàbá tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn. Àwòdì là ń pe Bàbá yẹn. Àṣìṣe ò lè sá pamọ́ mọ́ wọn lójú. Wọ́n lè dúró sẹ́yìn yín báyìí, kí wọ́n ní ẹ ti gbàgbé àmì kan ní ìlà ọgọ́rin."

"Ṣé Akọ̀wé lè fọwọ́ sí iṣẹ́ ara rẹ̀?"

"Láéláé. Àfi kí ẹnì kan ki kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ bọ kọ̀ǹpútà. Àwọn nìyí."

Àpótí pákó kékeré kan wà lórí tábìlì lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju ìka ọwọ́ lọ. Pupa ni ti Kékeré, funfun ni ti Ọ̀gá, aláwọ̀ ojú ọ̀run sì ni ti Àwòdì. Òfin ni pé ẹni tó bá ń jáde gbọ́dọ̀ sọ tirẹ̀ sínú àpótí. Àkọsílẹ̀ kò sì mọ ẹni tó jókòó tàbí kọ̀ǹpútà tó lò. Kọ́kọ́rọ́ nìkan ló mọ̀.

Ìyá Ìbéèrè gbé wọn lé àtẹ́lẹwọ́. Ó di ojú, ó fọwọ́ ra wọ́n níkọ̀ọ̀kan, ó tún lajú. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì, ó sì he nǹkan kan nílẹ̀. Òwú dúdú ni, kò gùn ju ìka lọ, wọ́n ta á ní kókó mẹ́ta.

"Ìdọ̀tí ni, Madam. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ni Ọ̀gá wí.

"Mi ò bínú." Ó fi òwú náà pamọ́. "Níbo lẹ wà ní aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú méjìlá?"

"Ìpàdé, níwájú ènìyàn mẹ́wàá. Aago mọ́kànlá ni mo kúrò níbí."

"Kí lẹ bá wọn sọ kí ẹ tó lọ?"

Ọ̀gá họ ọrùn. "Nǹkan méjì. Mo ní tí oṣù bá parí, ẹnì kan ló máa kù sí yàrá yìí. Mo sì ní kí wọ́n jáwọ́ nínú kíkà sétí."

"Kí nìyẹn?"

"Àṣà àtijọ́ kan tí wọ́n ní. Ẹlòmíràn á ka kóòdù sókè sétí ẹni tó kọ ọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Nígbà tí ènìyàn ń kọ ọ́, ó dára. Ṣùgbọ́n Akọ̀wé á ṣe ogójì iṣẹ́ kí ọ̀sán tó pọ́n! Àwọn méjèèjì á wà níbẹ̀, wọ́n á máa kà bí ọmọ iléèwé. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́."

"Ìlà tí wọ́n yọ yìí, níbo lẹ kọ ìdí ẹ̀ sí?"

"A ò kọ ọ́ síbì kankan."

"Fún ọdún mọ́kànlá?"

"Ẹnu la fi ń sọ ọ́, Madam. Ẹni tó ń kà á bá dé ibẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ á sọ ìdí ẹ̀ fún un. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n nígbà yẹn."

Ìyá Ìbéèrè wo àwọn tábìlì mẹ́fà tó ṣófo. Gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n ti lọ, àfi méjì.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Kékeré jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Níbo lo wà ní àkókò yẹn, ọmọ mi?"

"Mo jókòó sínú ọgbà tó wà lẹ́yìn ilé-ìkàwé, mà."

"Ta ló rí ọ?"

"Àwọn ẹyẹlé." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. "Ẹ má bínú, mà. Nígbà tí Ọ̀gá ní ẹnì kan ló máa kù, mo ti mọ̀ pé èmi ni màá lọ. Ta ló máa lé Àwòdì kó fi mí sílẹ̀? Mo sọ kọ́kọ́rọ́ mi sínú àpótí, mo jáde, mi ò padà mọ́ lọ́jọ́ náà. Mi ò gbàyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

"O mọ ìdí ìlà yẹn?"

"Ó ti tó ẹ̀ẹ̀mẹrin tí mo kà á sí Bàbá létí. Mo bá ti dé ibẹ̀ báyìí, wọ́n á gbọ́wọ́ sókè. Wọ́n á ní, 'Dúró. Odò méjì ni.' Wọ́n á wá sọ ìtàn obìnrin kan tó fẹ́ bímọ lọ́jọ́sí, tí ọkọ̀ ṣì lọ sódìkejì. Àwọn fúnra wọn ló kọ ìlà yẹn nítorí ẹ̀."

"Lẹ́yìn tó o jáde, ta ló kù nínú yàrá?"

Kékeré gbé orí sókè wàrà. "Bàbá nìkan. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má ro bẹ́ẹ̀ sí wọn. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo mọ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ ẹ̀wọ̀n, mi ò fẹ́ kó jẹ́ àwọn."

Ìyá Ìbéèrè ní kí wọ́n fún ọmọ náà lómi àti búrẹ́dì. Lẹ́yìn náà ló jókòó ti àkọsílẹ̀ ọjọ́ náà. Ohun tí Akọ̀wé béèrè wà níbẹ̀ ketekete: "Mi ò rí ìdí ìlà yìí níbì kankan. Ó ń dá ìpè dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlá. Ṣé kí n yọ ọ́?" Ìdáhùn wà lábẹ́ rẹ̀: "Yọ ọ́."

Ó fi ìka tẹ̀ lé àkọsílẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Láti aago mọ́kànlá títí di aago márùn-ún, kọ́kọ́rọ́ pupa fọwọ́ sí iṣẹ́ méjìdínlógójì. Kọ́kọ́rọ́ Àwòdì kò fọwọ́ sí ẹyọ kan. Bẹ́ẹ̀ gbogbo àwọn tó kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà ló sọ pé Bàbá náà kò kúrò lórí àga rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

Ẹni méjì ló mọ ìdí ìlà náà. Kò sí èyí tó lè rí i nínú wọn kó ní kí wọ́n yọ ọ́. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ náà ro èyí títí, ọkàn rẹ̀ kò sì dùn sí ibi tí ìrònú náà ń gbé e lọ.

Àwòdì ti jókòó dè é nínú yàrá iṣẹ́. Irun rẹ̀ funfun báláú, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́, íápíìsì wà létí rẹ̀ kan. Gílóòbù mẹ́jọ ló wà lókè àjà, ọ̀kan lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wà lórí tirẹ̀ kò tàn.

"Gílóòbù yín ti jó, Bàbá."

"Ẹn-ẹn? Bẹ́ẹ̀ ni o. Màá ní kí wọ́n bá mi pààrọ̀ ẹ̀." Ó gbójú sókè, gílóòbù tábìlì kejì tó ń tàn ló sì wò.

"Ṣé ẹ rí Kékeré lẹ́yìn aago mọ́kànlá lọ́jọ́ náà?"

"Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹ̀ nígbà tó ń jáde."

"Ṣé ó padà?"

Bàbá náà fọwọ́ kan íápíìsì etí rẹ̀. "Mi ò lè sọ."

"Ẹ̀gbẹ́ yín níhìn-ín ló máa ń jókòó. Kò tó ìgbésẹ̀ méjì."

"Mo ki nǹkan yìí bọ etí. Mò ń ṣiṣẹ́."

"Iṣẹ́ wo? Kọ́kọ́rọ́ yín ò ṣe nǹkan kan lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn."

"Àgbà ti dé, ìyá. Ọjọ́ mìíràn wà tí ènìyàn kàn máa ń jókòó ni."

Ìyá Ìbéèrè yọ fọ́tò kan láti inú àpò, ó fi lé e lọ́wọ́. "Bàbá tó kú nìyí."

Àwòdì gbé e súnmọ́ ojú. Ó wò ó pẹ́. "Ẹni pẹ̀lẹ́ ni," ó wí níkẹyìn. "Ó hàn lójú ẹ̀. Ó mà ṣe o."

Ìyá Ìbéèrè gbà á padà. Ó yí i sódìkejì, ó wò ó díẹ̀, ó fi í sápò.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago méjìlá lù, ó ní kí wọ́n mú Kékeré wá sí yàrá iṣẹ́ náà. Ọ̀gá wà níbẹ̀. Àwòdì wà lórí àga rẹ̀. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ gbé àpótí pákó síwájú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ bá mi mú kọ́kọ́rọ́ yín níbẹ̀."

Ó pẹ́ kí Àwòdì tó na ọwọ́. Ó mú èyí tó wà lápá ọ̀tún, ó fi àtàǹpàkò wá ìdí rẹ̀, ó fi í sílẹ̀. Ó mú èkejì, ó tún wá ìdí rẹ̀. Ó mú ẹ̀kẹta. Kékeré la ẹnu láti bá a sọ pé aláwọ̀ ojú ọ̀run ló ti kọ́kọ́ fi sílẹ̀ yẹn. Ìyá Ìbéèrè fi ìka lé ètè fún un.

"Èyí lẹ ń wá," ni ó wí, ó sì fi òwú dúdú oníkókó mẹ́ta náà sí àtẹ́lẹwọ́ Bàbá. "Abẹ́ tábìlì ni mo ti rí i. Ó já bọ́ lára kọ́kọ́rọ́ yín."

Àwòdì pa ọwọ́ dé lórí òwú náà.

"Télọ̀ ni bàbá mi," ni Ìyá Ìbéèrè wí. "Nígbà tí ojú wọn ń lọ, wọ́n ta òwú mọ́ sísọ́ọ̀sì, wọ́n ta á mọ́ àpótí bọ́tìnnì, ká má baà mọ̀. Ó tó ọdún kan ká tó mọ̀. Ẹ̀yìn fọ́tò ni mo fi hàn yín láàárọ̀ yìí, Bàbá. Pépà funfun lásán ni. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i. Ẹ fi ọwọ́ mú kọ́kọ́rọ́ ọmọ yìí láìmọ̀, ẹ sì ní kí Akọ̀wé yọ ìlà tí ẹ ò lè kà."

Ọ̀gá jókòó sórí àga ẹni tó fi súwẹ́tà sílẹ̀.

"Ọdún méjì ni," ni Àwòdì wí. "Ó kọ́kọ́ dà bíi kùrukùru láàárín ojú. Dókítà ní kò sí oògùn ẹ̀. Ní báyìí, mò ń rí iná, mò ń rí òjìji. Lẹ́tà ti lọ. Àwọ̀ ti lọ. Ká ní ti àtijọ́ ni, wọn ì bá ti mọ̀ lọ́sẹ̀ kan. Akọ̀wé ló bò mí láṣìírí, òun ló ń kọ ọ́. Kékeré sì ń kà á sí mi létí. Ó rò pé mò ń kọ́ òun níṣẹ́ ni. Mò ń kọ́ ọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ ni mo fi ń ríran."

"Ọ̀gá wá ní kí ẹ jáwọ́."

"Mo jáde lọ mu omi. Mo padà, mo wá okùn mi, mi ò rí i. Apá ọ̀tún ni mo máa ń fi tèmi sí, mo bá mú èyí tó wà lọ́tùn-ún. Mo ní kí Akọ̀wé máa ka iṣẹ́ sí mi létí, mo ní kó yára, torí iṣẹ́ pọ̀. Ó ń sáré sọ̀rọ̀ bí òjò orí páànù. Ó bi mí, mo dáhùn. Ó tún bi mí, mo dáhùn. Ìlà tí mo fọwọ́ ara mi kọ, ó bi mí ní ìdí ẹ̀, mi ò dá a mọ̀." Omijé ń dà lójú tí kò ríran náà. "Kò ṣe mí nǹkan kan. Ó bi mí dáadáa."

Kékeré sún mọ́ ọn. "Bàbá, ìgbà wo lẹ mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ mi ni?"

"Láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Nígbà tí wọ́n dárúkọ rẹ."

"Mo sì ti sùn sí àgọ́ ọlọ́pàá fún òru méjì."

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀rù bà mí." Ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ. "Àwòdì ni gbogbo ayé ń pè mí. Tí wọ́n bá gba ìyẹn lọ́wọ́ mi, mi ò mọ ohun tí màá máa jẹ́. Lójoojúmọ́ ni mò ń sọ fún ara mi pé lọ́la ni màá sọ ọ́. Mo fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ọmọ mi. Kò sí àwáwí."

Kékeré sún sẹ́yìn. Ó dúró, ó káwọ́ mọ́ra, ó ń sunkún láìpariwo.

Ìyá Ìbéèrè kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òfin sọ pé ẹni tí kò ríran, wọ́n gbọ́dọ̀ ka ìwé náà sí i létí kó tó fọwọ́ sí i. Ọ̀gá na ọwọ́ láti gbà á. Kékeré ló gbà á.

"Ẹ jẹ́ kí n kà á. Èmi ni mo máa ń kà á fún wọn."

Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ti Bàbá bó ti máa ń ṣe. Ó kà á jẹ́jẹ́, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti dárúkọ Òpópónà Odò, Àwòdì gbé ọwọ́ sókè.

"Dúró," ó wí. "Odò méjì ni." Ọwọ́ rẹ̀ wà lókè fún ìgbà díẹ̀. "Kọ ọ́ síbẹ̀, ọmọ mi. Ẹnu ni mo fi sọ ọ́ fún ọdún mọ́kànlá, mi ò kọ ọ́. Bá mi kọ ọ́."

Ó kọ ọ́. Ó di ìka Bàbá mú, ó fi í sí ibi tó máa fọwọ́ sí. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọlọ́pàá mú Àwòdì jáde. Ìgbésẹ̀ mẹ́sàn-án ló wà láti àga rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ó kà wọ́n sínú, ètè rẹ̀ ń mì, kò sì kọsẹ̀.

Ìyá Ìbéèrè lọ sí òkè afárá láti lọ sọ ìdí rẹ̀ fún ọmọ olóògbé. Ọ̀gá sọ fún Kékeré pé kò sí pé ẹnì kan ń lọ mọ́ lópin oṣù, kó padà sórí iṣẹ́. Kékeré gbọ́, inú rẹ̀ kò dùn.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, ó mú kọ́kọ́rọ́ pupa nínú àpótí, ó jókòó. Ó dá ìlà náà padà síbi tó wà. Ó kọ ìdí rẹ̀ sókè rẹ̀: "Òpópónà Odò méjì ló wà. Ẹ béèrè kí ọkọ̀ tó jáde. Bàbá kan jókòó síwájú ilé rẹ̀, ó ń retí wa."

"Ó ṣeun," ni Akọ̀wé kọ sí i. "Mo ti rí ìdí rẹ̀ báyìí. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

Kékeré kò tíì dáhùn. Ó ka ohun tó kọ sókè, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, sí àga tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó dúró díẹ̀, bóyá ẹnì kan máa ní kó dúró. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ó fọwọ́ sí i.